Ẹ Jẹ́ Ká Fojú Iyì Wo Ilé Oúnjẹ Àdúgbò Wa Ní Ìbàdàn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síta, nítorí àwọn àgbà ti sọ pé bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Bí wọ́n bá ṣí ilé oúnjẹ ńlá kan ní Ring Road tàbí ní Bódìjà, a máa ń rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, pẹ̀lú gíláàsì tó ń dán, ẹ̀rọ amúlétutù, àti àwọn ọmọge tó wọ aṣọ kan náà. Mi ò bínú sí irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn náà ń gba àwọn ọmọ wa síṣẹ́. Àmọ́ ilé oúnjẹ kékeré tó wà nínú àdúgbò, èyí tí ẹni tó ni ín ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro ọkà, tó mọ orúkọ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀, tó sì mọ irú ẹran tí onítọ̀hún kì í jẹ, kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí yóò fi kógbá sílé. Mo gbà pé ohun tó ń mú kí oúnjẹ irú ibẹ̀ wọni lára ni pé ojú ẹni tó ni ín wà nídìí ìkòkò, ojú kan náà sì wà lára ẹni tó ń jẹun. Owó kò lè ra èyí, bó ti wù kí gíláàsì ilé oúnjẹ dán tó.

Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ yìí sì bá mu jù. Nígbà tí ìlú yìí bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829 gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun, ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ìfẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n jọ tẹ̀dó síbẹ̀, tó fi jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹni tí a kò bí sínú agbo ilé kan náà ti ń bára wọn gbé, tí wọ́n ń bára wọn jẹ. Oríkì ìlú náà kò fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ pamọ́ rárá: ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ a-fi-ìkarahun-fọ́rí-mu. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wọ Ìbàdàn ní ọdún 1901, àlejò túbọ̀ pọ̀ sí i, ẹni tí kò sì ní ìyàwó tàbí ìyá nílùú gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò ti jẹun. Ẹ ó rántí pẹ̀lú pé ní ọdún 1961, nígbà tí Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Christopher Okigbo, J. P. Clark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ Mbari, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ilé kan tó ti jẹ́ ilé oúnjẹ ará Lẹ́bánónì tẹ́lẹ̀ lágbègbè ọjà Dùgbẹ̀ ni wọ́n sọ di ojúkò wọn. Kò yà mí lẹ́nu. Ibi tó bá ti mọ́ àwọn ènìyàn lára láti jókòó jẹun, ọ̀rọ̀ kì í ṣòro sọ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé oúnjẹ kan tó wà ní àdúgbò wa lápá Òkè-Àdó ṣe àpẹẹrẹ. Mi ò ní dárúkọ ìyá tó ni ín, nítorí kò rán mi níṣẹ́. Bẹ́ńṣì díẹ̀, tábìlì tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá olódòdó lé lórí, fáànù kan tó ń yí nígbà tí iná bá wà, bàsíà omi àti ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà: gbogbo ohun tí ojú rí nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ìyá náà ti ń já ewédú, tí ọmọbìnrin kan ń bó ẹ̀wà gbẹ̀gìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ewédú bá ti hó pẹ̀lú kán-ún díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ìjábẹ̀ já a títí yóò fi máa yọ̀ tàìtàì. Ẹ̀wà tó ti jinná dáadáa ni wọ́n ń rọ́, tí wọ́n sì ń sẹ́, kó tó di gbẹ̀gìrì, ìyá náà kì í sì í kúrò nídìí rẹ̀ lẹ́yìn èyí, nítorí gbẹ̀gìrì a máa tètè jóná ní ìsàlẹ̀, òórùn jíjóná náà kì í sì í ṣe é fi ata bò mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọkà fúnra rẹ̀. Omi a hó yaya, yóò bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ sínú abọ́, yóò da èlùbọ́ sórí èyí tó kù, yóò sì gbá omorogùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bí kókó kan bá wà nínú rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò títí yóò fi tú. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ́n lára omi tó bù sílẹ̀ yẹn sí i, yóò dé e kó lè jinná dénú, yóò sì tún un rò lẹ́ẹ̀kejì títí yóò fi kúnná. Ìwọ̀nba ló máa ń rò lẹ́ẹ̀kan. Kí èyí tó wà nílẹ̀ tó tán ni omi mìíràn ti wà lórí iná, ìdí nìyẹn tí ọkà rẹ̀ fi ń gbóná fẹlifẹli, yálà aago méjìlá ni ènìyàn débẹ̀ tàbí aago mẹ́ta ọ̀sán. Yóò ti abọ́ kékeré bọ omi, yóò fi bu ọkà, yóò sì dà á sínú àwo bí ẹní gbé ẹyin sílẹ̀. Gbẹ̀gìrì a gba apá kan, ewédú a gba apá kejì, ọbẹ̀ ata a sì wá sáàárín pẹ̀lú òróró rẹ̀ tó léfòó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàkì, ẹ̀dọ̀, fùkù, bọ̀kọ̀tọ̀ tàbí ògúfe, yóò tọ́ka sí èyí tó wù ú nínú ìkòkò, nítorí ojú ẹni ni wọ́n ti ń bù ú. Inú mi máa ń dùn sí èyí gan-an. Oúnjẹ tí a rí bí wọ́n ṣe sè é, tí a sì rí ọwọ́ tó bù ú, ọkàn ẹni a máa balẹ̀ láti jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ọkà nìkan ni, mi ò ní kọ lẹ́tà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín ronú sí. Mẹkáníìkì tí òróró ọkọ̀ ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, agbẹjọ́rò tó ń ti kóòtù bọ̀, awakọ̀ Máíkírà, ìyá oníṣọ̀ọ́bù tó ran ọmọ rẹ̀ wá, àti tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, orí bẹ́ńṣì kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó. Ẹni tó bá wọlé, tó sì bá àwọn tó ń jẹun, ìkíni ló kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Wọn yóò ní, “Ẹ bá wa ire o,” òun náà yóò fèsì pé, “Yóò gba ibi ire o.” Kí ó tó jókòó, ó ti di ara wọn. Mo ti jẹun ní ilé oúnjẹ ńlá tí àwọn tó jókòó sí tábìlì kejì sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì rẹ̀ títí a fi dìde.

Ìyá olóúnjẹ náà mọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sọ fún bàbá àgbàlagbà kan pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ata ọbẹ̀ òní ta díẹ̀ o, ṣé kí n bu omi ẹran là á fún yín?” Ó ń bá ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kan sọ̀rọ̀ bákan náà pé, “Ọmọ mi, owó rẹ kò tó ẹran méjì, ó yá, gba pọ̀nmọ́ yìí mọ́ ọn, kí o lè rí agbára jókòó ti ẹ̀rọ.” Èènì kò ṣòro fún un. Àwìn náà wà, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, kì í sì í pariwo gbèsè lé ẹnikẹ́ni lórí níwájú àwùjọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tí mo mẹ́nu bà lókè yìí ń dá gbé, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Nígbà kan tí kò yọjú fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ìyá náà ló kọ́kọ́ béèrè pé, “Bàbá Tíṣà dà?” Ó di ọkà sínú kúlà, ó fi rán ọmọbìnrin rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá bàbá lórí ibùsùn pẹ̀lú ibà, tí wọ́n sì sáré pe aládùúgbò kan tó ní ọkọ̀ láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bàbá ti padà sórí bẹ́ńṣì. Ẹ bi mí léèrè, èwo nínú àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n sì ń fúnni ní nọ́ńbà, ni wọn yóò ti mọ̀ pé ènìyàn kan kò wá?

Ìmọ̀ ọjà tirẹ̀ náà yẹ fún ìròyìn. Lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní ọjà Bódìjà ló ti ń ra èlùbọ́, oníṣòwò yẹn sì ń kó o wá láti Ṣakí àti àwọn ìlú Òkè-Ògùn mìíràn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tó wà nídìí èlùbọ́ kò ní fi í ṣòfò: wọ́n ní láti bẹ iṣu, kí wọ́n gé e, kí wọ́n bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná láì jẹ́ kó jinná tán, kí wọ́n jẹ́ kó sùn nínú omi náà mọ́jú, kí wọ́n sì sá a sóòrùn títí yóò fi di gbodo tó gbẹ ganngan, kó tó dé ẹ̀rọ ìlọ̀. Bí òjò bá pọ̀ tí gbodo kò sì rí oòrùn tó, yóò bu, ọkà irú èlùbọ́ bẹ́ẹ̀ yóò sì máa rùn. Nítorí náà, ìyá wa kì í ra èlùbọ́ láì kọ́kọ́ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kó gbóòórùn rẹ̀, kó sì fi àtàǹpàkò rà á wò bóyá ó kúnná. Mo ti rí i tó dá odidi àpò kan padà. Ẹni tí wọ́n kàn gbà síṣẹ́, tí ọ̀gá rẹ̀ wà ní ìlú mìíràn, kí ni yóò mú un dá àpò padà, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá kó wá fún un ló gbọ́dọ̀ sè? Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ojú ẹni tó ni nǹkan náà là ń padà sí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ìdọ̀tí pọ̀ ní búkà. Òótọ́ ni pé àwọn kan wà tí ènìyàn kò gbọdọ̀ dúró níwájú wọn, tí eṣinṣin ń bà lé ẹran, tí omi tí wọ́n fi ń fọ àwo ti di ẹrẹ̀. Irú wọn ni kí wolé-wolé lọ bá, kí wọ́n sì tì í pa bí olúwa rẹ̀ kò bá gbọ́ ìkìlọ̀. Ṣùgbọ́n kí a má fi ti ọ̀bùn ba ti onímọ̀ọ́tótó jẹ́. Ìyá tí gbogbo àdúgbò mọ ilé rẹ̀, tó mọ̀ pé bí inú bá run ẹnì kan lálẹ́, ẹnu ọ̀nà òun ni wọn yóò wá kàn láàárọ̀, ní ìdí tó lágbára ju ti ẹnikẹ́ni lọ láti tọ́jú ìkòkò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Láti ìgbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, owó ọkọ̀ tó ń gbé èlùbọ́ wá láti Òkè-Ògùn ti fò sókè, owó ata, owó òróró àti owó gáàsì sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́, ìyá náà kò kàn pààrọ̀ iye tó kọ sára ògiri. Ó dúró láàárín wa, ó ní, “Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má bínú sí mi o, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa fi owó díẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá rọrùn fún, kó wá sọ fún mi lábẹ́lẹ̀.” Ó padà sórí èédú lórí àwọn ìkòkò kan, kó lè dín owó gáàsì kù. Ọkà rẹ̀ kò kéré sí i. Àwa tí à ń jẹun níbẹ̀ ní ojúṣe tiwa: ká san gbèsè tí a bá jẹ, ká má fi owó ńlá ra ọkà kékeré nígbà tí a mọ̀ pé kò sí ṣéńjì, ká sì má ṣe máa ná oúnjẹ bí ẹni ń ná aṣọ ní Gbági, nígbà tó jẹ́ pé ní ilé oúnjẹ ńlá, iye tí wọ́n bá kọ síwájú wa là ń san láì sọ̀rọ̀.

Irú ilé oúnjẹ báyìí lè tọ́jọ́ bí àwọn ènìyàn bá dúró tì í. Ẹ wo ilé ọkà tí gbogbo Ìbàdàn mọ̀ sí Skye ní Bódìjà. Ilé ìfowópamọ́ Skye tó wà nítòsí ni àwọn ènìyàn fi ń júwe rẹ̀ títí orúkọ náà fi mọ́ ọn lára. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ ilé ìfowópamọ́ náà, Polaris sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Títí di òní, bí ènìyàn bá sọ fún ọlọ́kadà ní Bódìjà pé ọkà Skye lòun ń lọ, kò ní béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ èyí tó kéré kò lágbára bẹ́ẹ̀. Onílé kan tí mo mọ̀ fi owó ilé kún ti obìnrin kan tó ń ta iyán ní ojú ọ̀nà wa, iye tó fi kún un kò sì bá èrè iyán mu rárá, bí obìnrin náà ṣe palẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù ìpè-fóònù ló wà níbẹ̀ báyìí. Èyí tí fífẹ ojú ọ̀nà ń lé kúrò tún wà lọ́tọ̀. Mo fara mọ́ fífẹ ọ̀nà, nítorí a mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ṣe ń jẹ wá níyà, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló wà ní Ìbàdàn, kò sì yẹ kó ṣòro fún èyíkéyìí nínú wọn láti wá àyè sílẹ̀ nítòsí fún olóúnjẹ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí nípò, kí wọ́n sì tètè sọ fún un kí katakata tó dé. Bí wọ́n bá gbé ìyá olóúnjẹ kan lọ sí ibi tó jìnnà réré, ìkòkò rẹ̀ lè bá a lọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò lè bá a lọ. Mo sì bẹ ẹ̀yin onílé pé kí ẹ fi ojú mìíràn wo ẹni tó ń bọ́ àdúgbò yín nígbà tí ẹ bá ń bu owó ilé.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ tèmi sí yín kò pọ̀. Ẹ ya àyè kékeré kan sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ilé oúnjẹ àdúgbò kan: lọ́sẹ̀ yìí Bẹẹ́rẹ, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ Agbowó, kó kan Mọ́kọ́lá, kó kan Apáta àti Ọ̀jọ́ọ̀. Kí akọ̀ròyìn yín jókòó síbẹ̀ jẹun, kó bi ẹni tó ni ín léèrè ibi tó ti kọ́ iṣẹ́, ẹni tó ń ta èlùbọ́ fún un, àti ẹni tí yóò fi omorogùn lé lọ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀la, kó sì kọ ọ́ ní èdè tí àwọn olóúnjẹ náà lè kà fúnra wọn. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Òkè-Àdó, mo ṣe tán láti mú un débẹ̀. Kó sáà ti dé kí aago méjì ọ̀sán tó lù, nítorí gbẹ̀gìrì máa ń tán.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Òkè-Àdó, Ìbàdàn.